George Poage, eléré hurdles: kí ni ìtumọ̀ “adúláwọ̀ àkọ́kọ́” tí wọ́n ń pè é?

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́rin pé ta ni adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ ní ìdíje Òlíḿpíìkì, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ orúkọ mẹ́rin. Ọ̀kan á ní George Poage ni. Èkejì á ní John Taylor. Ẹ̀kẹta á ní rárá o, Joseph Stadler ni. Èyí tó bá kàwé jìnnà díẹ̀ nínú wọn á wá mú Constantin Henriquez jáde, ọmọ Haiti tó gbá rugby fún ilẹ̀ Faransé. Mo ti wà níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn gidi, tí kálukú ń na fóònù sí ara wọn, tí ohun tó wà lójú fóònù ọ̀kan kò sì bá ti èkejì mu.

Ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn kì í ṣe ẹyọ kan, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé. Ṣé adúláwọ̀ Amẹ́ríkà nìkan là ń sọ, àbí adúláwọ̀ ibikíbi? Ṣé àmì ẹ̀yẹ wúrà, àbí èyíkéyìí? Ṣé ẹni tó dá sáré, àbí ẹni tó wà láàárín ẹgbẹ́? Bí ìbéèrè bá ṣe yí ni ìdáhùn á ṣe yí. A máa tú u ká, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Poage ni mo fẹ́ gbà wọlé. Gbogbo èèyàn ló ń pe orúkọ rẹ̀ láti fi borí nínú àríyànjiyàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ń pè é kò mọ̀ ju gbólóhùn kan lọ nípa rẹ̀. Ó ń dùn mí, torí ìgbésí ayé ọkùnrin náà tó ohun tí èèyàn ń jókòó tì.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni George Coleman Poage. Ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1880 ni wọ́n bí i ní Hannibal, ìlú kan létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Missouri. Nígbà náà, ọdún 15 péré ni òfin ti fi òpin sí oko ẹrú ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ó ṣì wà ní kékeré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí La Crosse ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, létí odò kan náà, àmọ́ lókè réré níhà àríwá. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ tí bàbá fi kú. Ìyá rẹ̀ wá rí iṣẹ́ nílé àwọn Easton, ìdílé olówó kan nílùú náà, níbi tó ti ń bójú tó iṣẹ́ ilé, ilé náà sì ni George dàgbà sí.

Èyí ṣe pàtàkì sí ohun tó dà lẹ́yìn náà. Ọmọ adúláwọ̀ tí kò ní bàbá mọ́, ní ìlú tí àwọn bíi tirẹ̀ kò pọ̀, dàgbà níbi tí ìwé ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ó sì kàwé. Nígbà tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama La Crosse lọ́dún 1899, ipò kejì ló wà nínú gbogbo kíláàsì, wọ́n sì fún un láyè láti sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó parí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó yá lára mi láti máa rán àwọn èèyàn létí pé “ẹni àkọ́kọ́” tí Poage kọ́kọ́ jẹ́ kò ní eré sísá nínú rárá.

Láti ibẹ̀, ó wọ Yunifásítì Wisconsin ní Madison. Ìtàn ló kọ́, ó sì gboyè lọ́dún 1903. Láàárín ìgbà yẹn ló wọ ẹgbẹ́ eré sísá ti yunifásítì, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó sáré fún wọn. Eré kúkurú àti eré hurdles, ìyẹn eré sísá tí wọ́n ti ń fo igi, ni iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó gboyè, ó padà síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sí i, wọ́n sì gbà á sí iṣẹ́ pé kó máa tọ́jú ara àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football) fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1904, ní ìdíje àwọn yunifásítì àárín-gbùngbùn Amẹ́ríkà, èyí tí a mọ̀ sí Big Ten lónìí, ó gba ipò kìíní nínú eré 440 yáàdì, ó tún gba ipò kìíní nínú eré hurdles 220 yáàdì. Kò sí adúláwọ̀ tó ṣe é rí níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan ní ìlú Milwaukee, Milwaukee Athletic Club, ló wá gbé e dúró láti lọ sí Òlíḿpíìkì ti ọdún yẹn.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí eré náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹni tó bá ti rí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 2022 ní Eugene nígbà tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 di obìnrin tó yára jù lọ láyé nínú eré hurdles 100 mítà, ti mọ ohun tí hurdles jẹ́: ẹ ń sáré, ẹ sì ń fo igi mẹ́wàá tí wọ́n tò sójú ọ̀nà, láìjẹ́ kí fífò náà gba eré lẹ́sẹ̀ yín. Igi tí Tobi ń fò ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8. Ti àwọn ọkùnrin nínú eré 110 mítà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, 106.7 ni. Nínú eré 400 mítà ti ọkùnrin, 91.4 ni.

Ní ọdún 1904, kò rí bẹ́ẹ̀. Eré hurdles mẹ́ta ni wọ́n sá ní Òlíḿpíìkì: 110 mítà, 200 mítà, àti 400 mítà. Eré 200 mítà yẹn kò sí mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wáyé nínú gbogbo ìtàn Òlíḿpíìkì, lọ́dún 1900 ní Paris àti lọ́dún 1904 ní St. Louis, lẹ́yìn náà wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ka orúkọ eré tí Poage ti gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ kejì fi máa ń rò pé àṣìkọ ni. Kì í ṣe àṣìkọ o. Eré gidi ni, ó kàn ti kúrò nílẹ̀ ni.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú eré 400 mítà tí wọ́n sá ní St. Louis, igi tí wọ́n tò kò ga tó bó ṣe yẹ. Dípò 91.4, sẹ̀ǹtímítà 76.2 ni wọ́n lò, ìyẹn gíga igi tí àwọn obìnrin ń fò lónìí nínú eré 400 mítà. Ọkùnrin tó gba ipò kìíní, Harry Hillman ará New York, fi ìṣẹ́jú àáyá 53.0 parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àgbáyé. Igi rẹlẹ̀, Hillman sì tún gbá ọ̀kan ṣubú, èyí tí òfin ìgbà yẹn kò gbà fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka àkókò rẹ̀ sí. Tí ẹ bá rí i níbì kan pé Hillman ní àkọsílẹ̀ àgbáyé, tí ẹ tún rí i níbòmíràn pé kò ní, ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé igi tó rẹlẹ̀ sọ eré náà di ti ọmọdé. Igi ayé ìgbà yẹn kò dà bí ti òní tó ń yẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Ẹsẹ̀ igi náà nà síwá nà sẹ́yìn, bíi lẹ́tà T tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Tí eléré bá forí ẹsẹ̀ gbá a, igi náà á dìde kò ó. Ọdún 1935 ni irú èyí tó ń rọra ṣubú síwájú tó dé. Ẹni tó ń sá hurdles ní ayé Poage ń fi egungun ojúgun rẹ̀ ṣòwò.

Ó wá ku St. Louis fúnra rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù sí mi lọ́kàn.

Chicago ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní Òlíḿpíìkì ọdún 1904. Ṣùgbọ́n St. Louis ní ìpàtẹ àgbáyé ńlá kan lọ́wọ́ lọ́dún yẹn, tí wọ́n fi ń ṣèrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ Louisiana lọ́wọ́ Faransé, wọn kò sì fẹ́ kí ohun mìíràn fa èrò kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé ìdíje náà fún wọn. Ó jìnnà sí Yúróòpù, Rọ́ṣíà àti Japan sì wà lójú ogun, nítorí náà àwọn tó wá láti òkèèrè kò tó nǹkan. Kódà Pierre de Coubertin, bàbá ìsàlẹ̀ Òlíḿpíìkì òde òní, kò yọjú. Nínú àwọn eléré tó lé ní 600, Amẹ́ríkà ló ní ọ̀pọ̀ jù lọ.

Òfin ìyàsọ́tọ̀ sì wà lórí ilẹ̀. Lọ́dún 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ pé kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n ya adúláwọ̀ sọ́tọ̀, bí ohun tí wọ́n pèsè fún wọn bá ti dọ́gba pẹ̀lú ti funfun. Dídọ́gba náà kò dé ibì kankan. Nínú ìpàtẹ St. Louis, ìyàsọ́tọ̀ yìí hàn débi pé àwọn aṣáájú adúláwọ̀ ké sí àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n má lọ síbẹ̀ rárá.

Èyí tó wá burú jù ni ti ọjọ́ 12 àti 13 oṣù kẹjọ. Àwọn tó ṣètò ìdíje kó àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń fi hàn bí ẹranko nínú ìpàtẹ náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ará Philippines, àwọn Ainu láti Japan, àwọn ará igbó Kóńgò, wọ́n ní kí wọ́n sáré, kí wọ́n fò, kí wọ́n ju ọ̀kọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní òfin eré kankan. Nígbà tí wọn kò ṣe dáadáa, James Sullivan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀rí pé àwọn funfun ló lágbára jù. Ohun ìtìjú ni, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi rọ̀ ọ́.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, George Poage bọ́ sí orí pápá ní ìlú kan náà, níwájú àwọn èèyàn kan náà.

Kò kọ́kọ́ rí i ṣe. Ó sá 60 mítà, ó sá 400 mítà tí kò ní igi, kò gba nǹkan kan nínú méjèèjì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, wọ́n to igi fún 400 mítà. Eléré mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn. Hillman ló ṣe kìíní, Frank Waller ṣe èkejì, Poage ṣe ẹ̀kẹta. Waller yìí àti Poage, ẹgbẹ́ Milwaukee kan náà ni wọ́n ń sá fún. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, wọ́n sá 200 mítà. Hillman tún ṣe kìíní, Frank Castleman ṣe èkejì, Poage tún ṣe ẹ̀kẹta. Àmì ẹ̀yẹ idẹ méjì ní ọjọ́ méjì.

Àwọn kan máa ń sọ pé eré tí èèyàn mẹ́rin sá, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan, kò ní iyì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ wo ẹni tó ṣíwájú Poage lẹ́ẹ̀mejèèjì. Hillman yìí kan náà ló lọ sí London lọ́dún 1908, nígbà tí gbogbo ayé ti wà níbẹ̀ tí igi sì ti ga bó ṣe yẹ, ó sì tún gba fàdákà, Charles Bacon tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀ nìkan ló fi díẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. Nínú eré hurdles, Amẹ́ríkà ni ayé nígbà yẹn. Ẹni tó ṣe ẹ̀kẹta láàárín wọn kì í ṣe ẹni tó rọra yọ́ wọlé.

Ó tó àkókò kí á padà sí àríyànjiyàn wa.

Ẹ jẹ́ ká mú Joseph Stadler ṣáájú, torí òun ló ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Ará Cleveland ni. Lọ́jọ́ tí Poage gba idẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, Stadler gba fàdákà nínú eré fífò sókè láì sáré wá, èyí tí Ray Ewry borí. Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ ọ́ pé adúláwọ̀ ni Stadler, nítorí náà àwọn òǹkọ̀wé ń ka wákàtí, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí eré tirẹ̀ kọ́kọ́ parí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn eré ìdárayá padà lọ yẹ àkọsílẹ̀ wò, wọ́n rí i pé aláwọ̀ funfun ni. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ṣì í kọ, àwọn tó kù sì ń dà á kọ.

Ti Constantin Henriquez ò nira. Lọ́dún 1900 ní Paris, ó wà nínú ẹgbẹ́ rugby Faransé tó na Jámánì, tó na Bìrìtéènì, tó sì gba ipò kìíní. Adúláwọ̀ ni, ọmọ Haiti, ó sì wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú Poage. Bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ta ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láyé tó wà nípò kìíní ní Òlíḿpíìkì, òun ni. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ní Paris lọ́dún yẹn, ètò wúrà, fàdákà àti idẹ tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí. St. Louis ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún ẹni mẹ́ta tó bá ṣíwájú ní wúrà, fàdákà àti idẹ. Ẹ̀yìn wá ni wọ́n tó ka ti Henriquez sí wúrà.

John Baxter Taylor ni ti ẹ̀ka mìíràn. Ní London lọ́dún 1908, ó wà nínú àwọn mẹ́rin tó pín eré relay sá fún Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba wúrà. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà nìyẹn. Ọdún yẹn náà ló gboyè dókítà ẹranko ní Yunifásítì Pennsylvania. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó dé láti London, ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa á. Ẹni ọdún 26 ni. Ẹni tó kọ́kọ́ dá wúrà tirẹ̀ gbà láìsí ẹgbẹ́ ni DeHart Hubbard, tó fò jìnnà jù ní Paris lọ́dún 1924.

Àwọn méjì kan tún wà tí wọn kò gba àmì ẹ̀yẹ, tí ó sì yẹ kí á mọ orúkọ wọn níhìn-ín ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1904, ọjọ́ kan ṣáájú idẹ Poage, Len Taunyane àti Jan Mashiani, ọmọ Tswana láti Gúúsù Áfíríkà, sá eré ọ̀nà jíjìn, màrátọ́ọ̀nù, ní St. Louis. Eré orí ìtàgé nípa ogun àwọn Boer, àwọn aláwọ̀ funfun kan ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń ṣe nínú ìpàtẹ náà, ló gbé wọn débẹ̀. Taunyane ṣe ẹ̀kẹsàn-án, Mashiani ṣe èkejìlá. Wọ́n ní ajá ló lé Taunyane kúrò lójú ọ̀nà. Ta ló mọ ipò tí ì bá gbà. Àwọn ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé Òlíḿpíìkì.

Nítorí náà, ohun tó jẹ́ ti Poage, tí kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ni pé òun ni adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì. Kò pọndandan kí á fi kún un.

Lẹ́yìn ìdíje náà, kò padà sí Wisconsin. St. Louis yẹn náà ló dúró sí, ó ń ṣe olùkọ́. Ó ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ adúláwọ̀, lẹ́yìn náà ó lọ sí Sumner High School, ilé ẹ̀kọ́ girama adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní ìwọ̀-oòrùn odò Mississippi, ó ń darí ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú eré ìdárayá. Ọdún 1914 ló kúrò. Ó ra oko ní Minnesota, ó dáko fún ìgbà díẹ̀. Lọ́dún 1920 ó kó lọ sí Chicago, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún adúláwọ̀ ṣe ń rọ́ lọ sí àwọn ìlú ńlá àríwá nígbà náà, ó sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ.

Lọ́dún 1924 ló wọ iṣẹ́ ìjọba ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Chicago, ó sì ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀ fún nǹkan bíi ọgbọ̀n ọdún. Àwọn kan máa ń ka ibi yìí kí wọ́n sì mi orí, pé ẹni tó gboyè yunifásítì, tó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì, ló wá ń ṣiṣẹ́ lẹ́tà. Ó yẹ kí wọ́n mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀kùn díẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún adúláwọ̀ tó kàwé, torí ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kì í yẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì sì wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló wà níbẹ̀ ní Chicago ìgbà yẹn. Ohun tó yẹ kó bí wa nínú ni àwọn ilẹ̀kùn tó kù tó wà ní títì.

George Poage kú ní Chicago ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1962, ẹni ọdún 81. Ó tó ọdún 1998 kí yunifásítì rẹ̀ tó fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn akọni eré ìdárayá wọn. La Crosse ní tirẹ̀ yí orúkọ ọgbà ìgbafẹ́ kan padà sí Poage Park lọ́dún 2013, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ìlú tí ìyá rẹ̀ ti ń bójú tó ilé olówó kí ọmọ lè rí ìwé kà.